Iyọ̀ Nínú Táǹkì Gásóyì

Orí Grâce, oníbàárà mi kan, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn gásóyì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ irun rẹ̀ tán, mo ń fi aṣọ nù ún, ni imú mi bá sọ fún mi pé epo ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi fọ̀ ọ́. Grâce náà gbọ́ òórùn ọ̀hún. Ó ní, "Ìyá Bénie, kí lẹ dà sí mi lórí?" Mo ní omi ni. Ó ní omi wo? Mo ní omi kànga, omi tí gbogbo wa ń mu nínú agbo ilé yìí. Ó dìde, ó so gèlè mọ́ irun tútù, ó sì lọ. Kò dùn mí. Lákòókò yẹn, ara mi ti kú, nǹkan kì í tètè dùn mí mọ́. Mo da omi náà nù, mo lọ fa òmíràn. Bákan náà ló ń rùn.

Noémie lorúkọ mi. Láti Ṣakí ni bàbá mi ti sọdá ààlà wá ṣòwò ní Savalou, Savalou ni wọ́n sì bí mi sí. Yorùbá là ń sọ nílé, Màhí ni mo fi ń nájà, Faransé tí mo gbọ́ kò ju èyí tí ènìyàn fi ń kí ọ̀gá lọ. Irun ni mo ń dì. Abdias lọkọ mi, ọmọ Ìṣà ni, láti Atokoligbé ní ọ̀nà Bantè. Òun ló ń bá Màmá Alice ta gásóyì ní ilé epo rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri wa gan-an. Ó ń tà á tẹ́lẹ̀ ni kí n wí. Nígbà tí mò ń fọ irun Grâce yìí, ọkọ mi ti di olè lẹ́nu gbogbo Savalou, ó ti padà sí oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Atokoligbé, ó ń kọ ebè iṣu, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ láyé mi: kí ẹnì kan dìde níwájú gbogbo ayé, kó ní Abdias kò jalè.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Gásóyì ń dín nínú táǹkì. Abẹ́ ilẹ̀ ni táǹkì náà wà, irin tó nípọn, àlòkù tí Màmá Alice rà nígbà tí wọ́n ń tú ilé iṣẹ́ òwú kan palẹ̀. Láràárọ̀ ni Abdias máa ń ti ọ̀pá gígùn kan bọ ẹnu rẹ̀ láti mọ ibi tí epo dé. Nígbà tó yá, èyí tó kù nínú táǹkì kò bá èyí tí wọ́n tà mu mọ́. Màmá Alice bi í léèrè, Abdias ní òun ò mọ̀. Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́? Abdias ni. Ta ló ń ṣí i, ta ló ń tì í? Abdias náà ni. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Èmi lọ bá Màmá Alice. Mo ní, "Màmá, olè tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Ibo ni Abdias fẹ́ gbé gásóyì tó pọ̀ tó yẹn sí? Alùpùpù tó ń gùn, ẹ́sáǹsì ló ń mu, kì í mu gásóyì." Ó ní kí n lọ jókòó ti irun mi.

Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni gbogbo wa ń lọ, èmi, Abdias àti Màmá Alice. Wòlíì Josias ni olórí wa. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. "Ó" ni màá pè é títí màá fi sọ̀rọ̀ yìí tán, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó bá ara rẹ̀ wí. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ilé epo, Wòlíì Josias máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà wá, omi tí wọ́n ti da iyọ̀ sí, iyọ̀ gidi, kì í ṣe fíntín. Abdias á ṣí ọmọrí táǹkì, Wòlíì á da omi náà sínú gásóyì, àwa á máa kọrin. Ohun tó ń wí ni pé iyọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́. Ẹja tí a bá fi iyọ̀ sí kì í rà, òwò tí a bá fi iyọ̀ sí kò ní rà. Ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀rù pé yóò ba epo jẹ́, nítorí pé omi a máa rì sábẹ́ gásóyì, páìpù tó ń fa epo sókè kò sì kan ìsàlẹ̀ táǹkì. Omi ọdún yìí á lọ bá omi èṣí níbẹ̀. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ sí i.

Nígbà tí gásóyì wá ń dín, inú ìjọ ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ, wọn ò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ irin. Ẹ̀mí gbé obìnrin kan, ó ní ọwọ́ tó sún mọ́ epo ló ń gbé epo. Ọwọ́ ta ló sún mọ́ ọn bí kò ṣe ọwọ́ ẹni tó ń tà á? Wọ́n ní kí Abdias wá máa sùn nílé àdúrà, kó gbààwẹ̀, kí Ẹ̀mí lè tú u sílẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ, wọ́n dá mi padà lẹ́nu géètì. Mo gbé omi lọ, wọ́n tún dá mi padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Abdias kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, ètè rẹ̀ ti bó, ó ní òun ni òun jí i.

Wòlíì Josias ní, "Ta lo tà á fún?"

Wòlíì ní ìjẹ́wọ́ tí kò bá lórúkọ nínú kò tíì pé. Abdias wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ṣùáíbù ni, ti Djaloukou." Ìjọ ké halelúyà.

Ọmọ Nàìjíríà ni Ṣùáíbù, ẹ́sáǹsì inú ìgò ló ń tà lẹ́bàá títì ní Djaloukou. Nígbà kan tí alùpùpù wa kú sọ́nà níbẹ̀, tí kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, òun ló bu epo fún wa tó ní ká máa lọ, Ọlọ́run á pèsè. Bí a ṣe mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò ṣòroó gbà gbọ́: àlejò ni, epo ló ń tà, kì í sì í ṣe ará ìjọ wa. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Àwọn géńdé kan gun alùpùpù lọ sí Djaloukou, wọ́n da epo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fọ́ tábìlì rẹ̀, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá kò rí gásóyì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí irun tí mò ń dì, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ìròyìn orí rédíò.

Nígbà tí Abdias délé láti ilé àdúrà, mo gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Bénie, ṣé lóòótọ́ lẹ jí i?" Ó ní, "Ebi ń pa mí." Ó jẹun tán, ó di aṣọ rẹ̀, ó lọ sí Atokoligbé.

Ẹ wá padà sí kànga. Mo gbé korobá omi náà lé orí, mo gbé e lọ sí ilé Màmá Alice. Wòlíì Josias wà níbẹ̀, ó ń jẹ iṣu. Mo ní, "Màmá, ẹ gbọ́ òórùn epo yín." Màmá Alice tẹ̀ ba, ó gbọ́ òórùn, ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo Wòlíì. Wòlíì fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀yin ò rí i? Inú kànga ni Abdias ń fi í pamọ́ sí kó tó máa gbé e lọ fún ará Djaloukou. Ẹ̀mí kì í purọ́."

Ìgbà yẹn ni nǹkan bí mi nínú fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ọkọ mi ti kúnlẹ̀. Mo sọ korobá kalẹ̀ níwájú àwo iṣu rẹ̀. Mo ní, "Wòlíì, iṣu ò ní í lọ láìsí omi. Ẹ mu ún." Kò mu ún. Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, omi wa kò rùn. Abdias ti wà ní Atokoligbé láti ìgbà òjò. Ṣé láti oko ló ti ń jù ú wá ni?" Màmá Alice ní kí n má fi ẹnu mi kó bá ara mi. Mo fi korobá náà sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde.

Mo rìn káàkiri agbo ilé, mo ní kí olúkúlùkù gbọ́ òórùn omi rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lórí èmi nìkan nìyẹn. Àwọn obìnrin gbé korobá, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n lọ bá olórí àdúgbò. Ọkọ mi kọ́ ni wọ́n ń jà fún o, omi ọbẹ̀ wọn ni. Olórí àdúgbò ní kí wọ́n hú táǹkì náà jáde.

Wọ́n fa gásóyì tó kù sínú àwọn àgbá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ kan tó máa ń gbé igi gẹdú fi ṣéènì wọ́ táǹkì náà jáde. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì dára, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún ṣì ń dán. Nígbà tí wọ́n yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, a rí ìdí rẹ̀. Ìpẹta ti jẹ ẹ́. Ihò kékeré, ihò ńlá, òmíràn gba ìka, ìpẹta sì ń ré bọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Omi pupa kan ń ro láti inú ibẹ̀. Benjamin, ajórinmọ́rin tí wọ́n pè wá, fi ìka kan án, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù.

Ó ní, "Omi iyọ̀ nìyí. Láti inú ni ìpẹta ti ń jẹ irin yìí bọ̀ wá síta, kì í ṣe ilẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ta ló da iyọ̀ sínú táǹkì?"

Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ọ̀bẹ tí a bá gbàgbé sínú igbá iyọ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò ti dípẹta. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A mọ̀ ọ́n nílé ìdáná, a kò mọ̀ ọ́n nílé epo. Wòlíì Josias dúró nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti ẹsẹ̀ lásán, gásóyì ti rin ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yí padà, ó lọ. Mo rò pé inú mi yóò dùn, ṣùgbọ́n mo kàn ń wo ihò.

Màmá Alice wá sílé mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó jókòó lórí àpótí àwọn oníbàárà mi, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Noémie, ọmọ mi, má bínú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, níwájú ìjọ, èmi fúnra mi ni màá sọ pé Abdias kò jalè. Kó wá jókòó níwájú. Tí táǹkì tuntun bá dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni." Mo ní mo gbọ́, ẹ ṣé, Màmá. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ti Djaloukou yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ará ìta ni. Èyí tó ti kọjá ti kọjá." Mo tún ní mo gbọ́. Ohun tí mò ń fẹ́ láyé mi ni obìnrin yìí gbé wá sílé mi yẹn. Mo wá ayọ̀ nínú ara mi, mi ò rí i, mo ní bóyá tí Abdias bá gbọ́ ọ ni yóò dé.

Mo gun alùpùpù lọ sí Atokoligbé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Abdias wà láàárín ebè, ó ti gbẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: irun Grâce, kànga, ihò, omi iyọ̀, Benjamin, Màmá Alice, ọjọ́ Ìsinmi. Ó fetí sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ọkọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣùáíbù ńkọ́?"

Mo ní, "Ṣùáíbù wo?"

"Ṣùáíbù tí mo dárúkọ."

Mo ní wọ́n ní ká fi ti ìyẹn sílẹ̀. Ó ní, "Tí wọ́n bá ní mi ò jalè, kí ni mo tà fún un?" Ó ní, "Noémie, nígbà tí Wòlíì ń bi mí, mo wá orúkọ, mo wá a. Orúkọ ẹni tó ṣe mí lóore ló wá sí mi lẹ́nu. Olè tí wọ́n pè mí, irọ́ ni. Èyí tí mo ṣe sí Ṣùáíbù kì í ṣe irọ́. Èyí ni mo ń rò nínú ebè yìí látọjọ́ yìí, kì í ṣe gásóyì."

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá Bénie, ẹ gbọ́. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wọ́n ti fẹ́ dá tiwa padà fún wa. Ọmọ yín ń lọ sílé ìwé, wọ́n ń fi yín bú u. Ẹ jẹ́ ká gba orúkọ wa ná. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ dákẹ́ nísinsìnyí."

Ó ní, "Ti Ṣùáíbù ńkọ́? Ṣé bàbá tirẹ̀ kò sọ ọ́ lórúkọ ni?"

Ó fi ọkọ́ sórí ebè, ó wẹ ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́ mi. Mo ní tó bá jẹ́ Djaloukou ló ń lọ, èmi ò lọ. Ó tan alùpùpù. Mo dúró, mo wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí mi ò lè jẹ́ kó nìkan lọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

A dé Djaloukou. Ní ilé Ṣùáíbù, obìnrin kan ń pa ẹ̀pà nínú àgbàlá pẹ̀lú ìyá àgbà kan, àwọn aládùúgbò jókòó lábẹ́ igi. Fàthíà ni obìnrin náà, ìyàwó Ṣùáíbù. Abdias dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èèpo ẹ̀pà. Ó ní, "Èmi ni Abdias ti ilé epo Savalou. Èmi ni mo ní ọkọ yín ra gásóyì olè lọ́wọ́ mi. Mi ò jí gásóyì, ọkọ yín ò sì rà á. Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn."

Mo rò pé wọn yóò lù ú. Fàthíà kò pariwo. Ó ń wò ó bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti lọ. Látìgbà tí àwọn ọlọ́pàá fi í sílẹ̀ ni kò ti lè jáde síta mọ́. Kò sẹ́ni tó ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìséyìn ló wà, ó ń gbé pákó." Ó mú fóònù láti inú ìró rẹ̀, ó pè é, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́, ó nà án sí Abdias. "Ìwọ ni kí o sọ fún un."

Abdias ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú fóònù, bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

A ń gbọ́ ariwo ayùn tó ń la igi lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ohùn ọkùnrin náà wá dé, ohùn tó ti rẹ̀. Ó ní, "Tún un sọ."

Abdias tún un sọ.

"Ìyá mi wà níbẹ̀? Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ìyá àgbà náà ti dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀pà. Àwọn tó wà lábẹ́ igi dìde, wọ́n súnmọ́ wa. Ní ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ náà kò jáde délẹ̀ mọ́, ó ń gé sí Abdias lẹ́nu.

Ṣùáíbù ní, "Níwájú ta lo ti dárúkọ mi?"

"Níwájú ìjọ."

"Ibẹ̀ ni kí o ti lọ sọ ọ́. Kí ìyàwó mi wà níbẹ̀, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ."

Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ dá orúkọ Abdias padà, Abdias fúnra rẹ̀ ni yóò dìde tí yóò da á nù. Kò ní í jẹ́ olè mọ́, òpùrọ́ ni yóò jẹ́, ẹni tó fi àlejò ra ara rẹ̀. Ti òpùrọ́ yìí, kò sí táǹkì tí wọ́n máa hú tí yóò gbà á sílẹ̀. Abdias wò mí láti ilẹ̀. Kò bẹ̀ mí, ó kàn ń wò mí. Fàthíà náà ń wò mí.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Abdias. Mo ní, "Bọ̀dá Ṣùáíbù, èmi ni màá wá mú ìyàwó yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbẹ́ mi ni yóò jókòó sí, níwájú pátápátá. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin láti fi bo ohùn ọkọ mi, a ó dúró títí wọn yóò fi kọrin tán."

Ó ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni."

Wọ́n ti pa ayùn náà lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ó ní, "Ìyàwó tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dáa."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti bá mi, ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí ọkọ mi kúnlẹ̀, tí mi ò sun lọ́jọ́ tó di aṣọ rẹ̀ lọ. Mi ò lè dá a dúró, mi ò sì mọ ta ni mò ń sun ún fún. Fàthíà gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fa àpótí kan wá, ó ní kí n jókòó.